Ọmọ mi ti lo oògùn Lyme tán, orúnkún rẹ̀ ti wálẹ̀, àmọ́ èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ positive. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Connecticut)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé mi wá síbí lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Apá ìlà-oòrùn Connecticut là ń gbé. Igbó ló wà lẹ́yìnkùlé wa, àgbọ̀nrín sì máa ń dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí sọ́mà èṣí ń parí lọ, ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ jí láàárọ̀, orúnkún rẹ̀ ti òsì ti wú débi pé ṣòkòtò iléèwé ò gba ibẹ̀ kọjá. Kò sunkún rárá, ó kàn ń tiro ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn torí pé AS ni mí, ṣùgbọ́n AA ni wọ́n kọ fún ọmọ yẹn nígbà tí mo bí i. Wọ́n fa omi nínú orúnkún náà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, èsì jáde pé Lyme ni, àìsàn tí eégbọn máa ń kó ran ènìyàn. A ò rí eégbọn lára rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ la ò rí àmì pupa kankan.

Amoxicillin ni wọ́n fún un fún ọjọ́ 28, ó sì lò ó pé. Orúnkún náà rọra ń wálẹ̀, nígbà tí Kérésì fi máa dé, ó ti ń sáré kiri ilé. Mo dúpẹ́, mo sì gbà pé ó tán. Àfi ìgbà tí a lọ fún àyẹ̀wò iléèwé níbòmíràn, tí wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wo Lyme nígbà tí nǹkan kan ò ṣe é, tí wọ́n ní positive ló ṣì wà. Iye ìlà tó wà lórí ìwé tuntun yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àkọ́kọ́.

Láti ìgbà náà ni oorun ò ti kun ojú mi. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kòkòrò náà ti sá pamọ́ sínú eegun rẹ̀, ó ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń fi oògùn sójú iṣan fún oṣù bíi mélòó kan. Ṣé kí n gbé e lọ ni? Kí ló dé tí èsì náà ò yí padà?

Bàbá Ìbejì (Maryland)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Olúwa á bá wa wo àwọn ọmọ wa.

Kẹ́hìndé mi ní irú rẹ̀ gan-an, orúnkún ọ̀tún ni tiẹ̀. Títí di òní olónìí, bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, positive ni wọ́n á bá níbẹ̀, ó sì ń sáré ìje fún iléèwé rẹ̀ láìsí ohun tó ń dùn ún. Dókítà rẹ̀ ló sọ fún wa pé ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún àyẹ̀wò náà ṣe mọ́ bí orúnkún bá ti balẹ̀. Èmi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká dúró de Onílábù, òun ló níṣẹ́ yìí.

Onílábù (Massachusetts)

Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Màmá, ẹ jókòó kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ó gùn díẹ̀.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ọmọ yín kì í wá kòkòrò. Áńtíbọ́dì ló ń wá, ìyẹn ohun ìjà tí ara ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣe láti fi bá Borrelia burgdorferi jà, bakitéríà tó ń fa Lyme. Positive ń sọ fún yín pé ara ọmọ yìí ti bá kòkòrò náà pàdé rí. Bóyá oṣù tó kọjá ni o, bóyá ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni o, ìwé yẹn ò lè sọ ọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ìpele méjì ni. Ti àkọ́kọ́ ni ELISA: a ó da omi tó dúró lókè ẹ̀jẹ̀ sínú àwo oníhò wẹ́wẹ́, bí áńtíbọ́dì bá wà níbẹ̀, àwọ̀ á yí padà, ẹ̀rọ á sì ka bí àwọ̀ náà ṣe ki tó. Bí ìyẹn bá mú nǹkan jáde, a ó lọ sí Western blot. Nínú èyí, wọ́n ti fi iná mànàmáná ya àwọn purotéènì ara kòkòrò náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tóbi sí, wọ́n sì tò wọ́n sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. A ó rẹ bébà náà sínú omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ibi tí áńtíbọ́dì rẹ̀ bá ti dá purotéènì kan mọ̀, ìlà á yọ níbẹ̀. Ìlà mẹ́wàá là ń wò fún IgG, irú áńtíbọ́dì tó máa ń pẹ́ lára. Bí márùn-ún bá yọ, positive nìyẹn. Ìlànà yìí ti wà látìgbà ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Dearborn, ní ìpínlẹ̀ Michigan, lọ́dún 1994. Ní 2019, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà, tún fọwọ́ sí ọ̀nà kan tó ń lo ELISA méjì láìsí bébà rárá, kí ẹ má bàa dààmú bí ìwé míì kò bá ní ìlà.

Mo ti wo bébà àwọn ọmọ tí Lyme wọ oríkèé wọn fún ìgbà pípẹ́, kò ṣòroó dá mọ̀. Ìlà máa ń kún un láti òkè délẹ̀, dúdú kirikiri. Ti ẹni tó kàn ní àmì pupa lára tó sì tètè lo oògùn kì í rí bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ò tilẹ̀ ní ìlà kankan. Ìdí ni pé kí orúnkún tó wú, kòkòrò yẹn ti wà lára ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà míì ọ̀pọ̀ oṣù. Ara ti ráyè mọ gbogbo ojú rẹ̀. Ẹni tí áńtíbọ́dì rẹ̀ bá ga tó báyẹn níbẹ̀rẹ̀, yóò pẹ́ gan-an kó tó wálẹ̀, ti ẹlòmíì ò sì ní wálẹ̀ tán láéláé.

Ta ló ń ṣe áńtíbọ́dì náà nígbà tí kòkòrò ti kú? Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó máa ń wọ inú mùdùnmúdùn eegun lọ jókòó, tí wọ́n á máa tú áńtíbọ́dì jáde fún ọdún gbọọrọ. Irú wọn ló fà á tí abẹ́rẹ́ èèyi tí ẹ gbà lọ́mọdé fi ń ṣiṣẹ́ lára yín títí dòní. Kò sí ẹni tó máa rí áńtíbọ́dì èèyi lára yín kó ní èèyi ṣì ń ṣe yín.

Iye rẹ̀ tún wà níwèé. Ní 2001, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ti ní Lyme ní ọdún 10 sí 20 ṣáájú, tí ara wọn ti yá. Nínú àwọn 39 tó ti ní ti oríkèé, 24 ṣì ní IgG tó jẹ́ positive, 6 ṣì ní IgM, irú áńtíbọ́dì tí ara kọ́kọ́ máa ń ṣe. Nínú àwọn 40 tó jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní, 10 ṣì ní IgG. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá sí ogún! Màmá, ọmọ yín ò tíì pé ọdún kan tó lo oògùn tán.

Olóore (New Jersey)

Ẹ̀gbọ́n Onílábù, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Lyme. Ó lo oògùn tán bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, síbẹ̀ ó rẹ̀ ẹ́ fún ọdún, gbogbo ara ń ro ó, kò lè ka ìwé kó yé e. Dókítà tó lọ bá ní kó lọ sinmi. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fún un ní oògùn ojú iṣan fún ìgbà pípẹ́ ló ti rí ẹni tó gbọ́ tirẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ fún màmá yìí nìyí pé kó má jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwa aláwọ̀ dúdú nílé ìwòsàn níbí.

Dókítà Èwe (Pennsylvania)

Olóore, ẹ kú àánú. Ìnira tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín jẹ, òótọ́ ni, mi ò ní bá yín jiyàn lórí ẹ̀. Àwọn kan wà tó máa ń rẹ̀ tí ara á sì máa ro lẹ́yìn ìtọ́jú Lyme fún oṣù mẹ́fà, ó lè jù bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí dókítà tẹ́tí sí wọn.

Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú tí ẹ sọ náà rí bẹ́ẹ̀, mo tún fẹ́ fi kún un. Àmì pupa Lyme tí wọ́n ń ya sínú ìwé, ara òyìnbó ni wọ́n ti ń yà á. Lára ọmọ wa, ó lè dà bí ibi tí nǹkan ti gbá a tàbí kó kàn ṣókùnkùn díẹ̀, a ó sì gbójú fò ó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Maryland, tó jáde ní 2000, rí i pé láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún Lyme, ti oríkèé pọ̀ ju ti àmì ara lọ bí a bá fi wé ti òyìnbó. Ìyẹn ni pé a kì í tètè rí i lára wa títí yóò fi dé orúnkún. Màmá, ẹ má dá ara yín lẹ́bi pé ẹ ò rí àmì.

Ṣùgbọ́n lórí oògùn olóṣù gbọọrọ, mi ò ní fara mọ́ ọn rárá. Wọ́n ti dán an wò. Ìwádìí Klempner, tó jáde ní 2001 nínú New England Journal of Medicine, fún àwọn àgbàlagbà tí ara wọn ò tíì yá ní ceftriaxone ojú iṣan fún ọjọ́ 30, wọ́n tún wá lo doxycycline fún ọjọ́ 60. Wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí kò ní oògùn nínú, láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àwọn méjèèjì rí bákan náà. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní Netherlands, tó jáde ní 2016, pẹ̀lú ènìyàn 280, kò tún sí ìyàtọ̀. Ìpalára ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀: rọ́bà tí wọ́n fi sójú iṣan lè gbé àkóràn wọ inú ẹ̀jẹ̀, ceftriaxone lè dá òkúta sílẹ̀ nínú àpò òróòro, àwọn oògùn yìí lè ba ìfun jẹ́ débi tí ìgbẹ́ gbuuru C. difficile á fi mú ènìyàn. Ní 2017, CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àrùn, tẹ ìròyìn jáde lórí àwọn tí irú ìtọ́jú yìí kó sínú àkóràn tó le, ẹ̀mí sì bọ́ nínú wọn.

Ọmọ tó ń sáré kiri ilé, tí orúnkún rẹ̀ ti balẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé irú ewu yẹn ká a lórí nítorí ìlà orí bébà. Mo bẹ̀ yín, màmá.

Ọmọ Ìbàdàn (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Lyme ò sí lọ́dọ̀ wa níbí, eégbọn ara ajá àti ti màlúù la mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín, Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún táífọ́ọ̀dù, ni mò ń rí.

Ta ni kò mọ ẹni tó ti ń tọ́jú táífọ́ọ̀dù láti ọdún dé ọdún? Ara á gbóná díẹ̀, wọ́n á lọ sí lábù ẹ̀bá títì, wọ́n á gba ìwé tó ní O báyìí, H báyìí. Wọ́n á gba abẹ́rẹ́, wọ́n á ra kóró. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Widal á tún gbé nǹkan jáde, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ọ̀hún ò tíì kúrò lára. Àǹtí mi kan ná owó ọjà rẹ̀ tán sórí ẹ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Onílábù (Massachusetts)

Ọmọ Ìbàdàn, o kú ọpọlọ. Ọ̀kan náà ni. Georges-Fernand Widal ará Faransé ló gbé e jáde ní 1896, áńtíbọ́dì ni òun náà ń wò. Ẹni tó ti ní táífọ́ọ̀dù rí, ẹni tó ti gba àjẹsára rẹ̀, kódà ẹni tí kòkòrò míì tó jọ ọ́ ti mú rí, Widal rẹ̀ lè gbé nǹkan jáde fún oṣù púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá táífọ́ọ̀dù wà lára lónìí, ẹ̀jẹ̀ ni kó jẹ́ kí wọ́n gbìn kí kòkòrò hù níbẹ̀. Nílé, mo ti bá àwọn dókítà jiyàn lórí èyí débi tí ohùn mi fi há. Ó sì ń dùn mí, torí owó ilé àwọn aláìní ló ń bá a lọ, kòkòrò tó wà nílùú sì ń di èyí tí oògùn ò ràn mọ́.

Ìyàtọ̀ kan ló wà tó yẹ kí màmá mọ̀: ti Lyme, a kì í sábàá rí kòkòrò rẹ̀ gbìn. A lè wá àbùdá rẹ̀, DNA, nínú omi orúnkún pẹ̀lú PCR, àyẹ̀wò tó ń wá DNA, ìyẹn sì wúlò nígbà tí orúnkún bá wú. Nígbà tí kò bá sí omi nínú orúnkún mọ́, kí ni èèyàn fẹ́ fà?

Èrò Hudson (New York)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tèmi yàtọ̀ sí ti màmá yìí. Ọmọbìnrin mi lo doxycycline fún ọjọ́ 28, orúnkún ò wálẹ̀. Wọ́n fún un ní ceftriaxone ojú iṣan, ó dín kù díẹ̀, omi tún kún un padà. Èmi kì í ka ìwé èsì mọ́ rárá, orúnkún ni mò ń wò, ó sì wú. Ṣé ẹ ó sọ fún èmi náà pé kòkòrò ti kú?

Dókítà Èwe (Pennsylvania)

Bàbá, ẹ ò já lu ọ̀rọ̀. Ìbéèrè yín gan-an ló ṣòro jù níbí, ó sì yẹ ká ya á sọ́tọ̀ kúrò lára ti màmá. Ìwé tó jẹ́ positive nígbà tí orúnkún ti balẹ̀, ìyẹn ò béèrè ìtọ́jú kankan. Orúnkún tó wú, ohunkóhun tí ìwé ì bá à sọ, ó ń béèrè ìtọ́jú.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá tí Lyme wọ oríkèé wọn ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún. Bẹ́ẹ̀ ni, èrò àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù ni pé kòkòrò ti kú nínú ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n á wá DNA rẹ̀ nínú omi orúnkún lẹ́yìn oògùn, wọn ò ní rí i mọ́, síbẹ̀ ibẹ̀ á wú. Ní 2019, Brandon Jutras pẹ̀lú Allen Steere àti àwọn míì rí nǹkan kan tó là mí lóye gidi: ègé ara ògiri kòkòrò náà, tí wọ́n ń pè ní peptidoglycan, ṣì wà nínú omi orúnkún àwọn aláìsàn kan lẹ́yìn tí wọ́n ti lo oògùn ẹnu àti ti ojú iṣan. Ara ń rí àwókù yẹn, ó ṣì ń gbógun tì í. Áńtíbáyótíìkì ò lè pa àwókù, torí kò lẹ́mìí. Nínú àwọn míì, àbùdá tí wọ́n jogún, bíi HLA-DR4, máa ń jẹ́ kí ara wọn bínú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìtọ́sọ́nà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àrùn àkóràn, ti ọpọlọ àti ti oríkèé ní Amẹ́ríkà jọ gbé jáde ní 2020 sọ ibi tí a ó dé. Oògùn ẹnu ọjọ́ 28 ni àkọ́kọ́. Bí ó bá ku wíwú díẹ̀, dókítà lè dúró wò ó tàbí kó tún oògùn ẹnu fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá wálẹ̀ rárá tàbí tó kàn jẹ́ bíńtín, ceftriaxone fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Bí ẹ bá ti kọjá èyí, áńtíbáyótíìkì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà oríkèé ọmọdé ló kàn, kó fún un ní oògùn tó ń mú wíwú rọ̀, abẹ́rẹ́ inú orúnkún, tàbí methotrexate, oògùn tó ń dẹ ìjà ara lọ́wọ́, bó bá pọn dandan. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ oògùn yẹn já yín láyà. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ yìí ni orúnkún wọn máa ń padà bọ̀ sípò pátápátá, wọ́n á sì fi oògùn náà sílẹ̀. Bàbá, ṣé wọ́n ti rán yín lọ sọ́dọ̀ dókítà oríkèé?

Èrò Hudson (New York)

Wọn ò tíì rán wa lọ. Lọ́la ni máa pè wọ́n. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, dókítà.

Àgbà Ìwé (Rhode Island)

Ẹ jẹ́ kí n fi kiní kan ki ẹ̀yin ìyá inú ilé yìí láyà. Ìyá ló tú àṣírí àìsàn yìí. Ní agbègbè Lyme àti Old Lyme ní Connecticut, Polly Murray ń ṣàìsàn, ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń tiro. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1975, òun àti ìyá kan mìíràn ti fi tó ìjọba ìpínlẹ̀ létí pé àwọn ọmọ tó ní làkúrègbé ti pọ̀ jù ládùúgbò wọn. Allen Steere tó wà ní Yale nígbà náà wá wò ó. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1977 ka ènìyàn 51, 39 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Willy Burgdorfer ló rí kòkòrò náà nínú eégbọn lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1982. Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Connecticut)

Ọlọ́run ló fi yín ta mí lọ́rẹ. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá wọn, a jọ jókòó tì í. Ìbéèrè kù lẹ́nu mi. Bí áńtíbọ́dì bá pọ̀ tó báyìí lára rẹ̀, ṣé Lyme ò lè mú un mọ́ nìyẹn? Àti pé báwo ni èmi tí mi ò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ṣe máa mọ̀ bí omi bá tún wọ orúnkún rẹ̀?

Dókítà Èwe (Pennsylvania)

Màmá, ẹ má fi ọkàn lé áńtíbọ́dì yẹn. Lyme lè tún mú ẹni tó ti mú rí, àwọn tó tètè lo oògùn nígbà tó kàn jẹ́ àmì ara ni a sábàá ń rí i lára wọn. Ẹni tó dé oríkèé rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa yẹ ara rẹ̀ wò lálaalẹ́ ní ìgbà eégbọn: ẹ̀yìn etí, orí, abíyá, itan, ẹ̀yìn orúnkún. Ọmọ eégbọn tó ń kó o ràn jù ò tó mìlímítà méjì, ojú lásán lè fò ó. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú tó lẹ́nu ṣóńṣó dì í mú níbi tó ti kan awọ ara, kí ẹ fà á tààrà. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí iná sí i. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ kan kó tó lè kó kòkòrò náà ràn, nítorí náà ẹni tó bá tètè yọ ọ́ ti gba ara rẹ̀ là. Bí àmì pupa tuntun bá sì jáde tó ń gbòòrò, ẹ gbé e wá. Ojú la fi ń mọ ìyẹn, a kì í dúró de ẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ti jẹ́ positive tẹ́lẹ̀.

Ti orúnkún: ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ kó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, kó má le ara. Ẹ wo kòtò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun pẹlẹbẹ orí orúnkún, ẹ fi wé ti ẹsẹ̀ kejì. Bí omi bá wà, kòtò yẹn á ti dí. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ti nǹkan láti itan bọ̀ wá sí orúnkún, ẹ dì í mú síbẹ̀, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì tẹ eegun náà. Bí omi bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó rì sísàlẹ̀, ó kan nǹkan, ó tún gbéra padà. Ẹ ní kó ká a dé ìdí, kó sì nà án tán. Bí ó bá nà dọ́gba, tó ká dọ́gba, tí kò tiro nígbà tó jí láàárọ̀, ara rẹ̀ le. Mo máa ń kọ́ àwọn òbí ní èyí kí wọ́n tó kúrò ní ọ́fíìsì mi.

Olóore (New Jersey)

Ẹ ṣeun, dókítà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ka ọ̀rọ̀ yín, ó ní òun máa wá dókítà tó máa wo gbogbo ara òun látòkè délẹ̀, kì í ṣe Lyme nìkan. Màmá, ẹ má bínú bí mo bá dáyà já yín.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Connecticut)

Kò sí ìbínú, àǹtí mi. Ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ó tẹ orúnkún náà bí ẹ ṣe júwe ẹ̀, ó ní kó fò, kó sáré lọ sáré bọ̀ ní kọ́rídọ̀. Ó ní kò sí omi níbẹ̀, kò sí oògùn tí òun máa fún un, òun ò sì ní fa ẹ̀jẹ̀ míì. Ó kọ lẹ́tà fún iléèwé pé kó máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ṣé ó ku ohun kan tó yẹ kí n ṣe?

Onílábù (Massachusetts)

Ó ku ẹyọ kan, màmá. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé èsì ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀ẹ̀kejì, kí ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ amoxicillin àti ọjọ́ tó parí rẹ̀ sí ẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ìgbà tí orúnkún balẹ̀. Ẹ ya fọ́tò wọn sórí fóònù tiyín àti ti bàbá wọn. Torí pé ọmọ yìí á dàgbà, á ṣubú lórí pápá, ìgbà kan á wà tí orúnkún á tún dùn ún. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn pàjáwìrì tí wọ́n rí positive, wọ́n lè fi gbogbo rẹ̀ sọrí Lyme, kí wọ́n má wá iṣan tó já tàbí kòkòrò míì tó wọ oríkèé, èyí tí kì í dúró de ọ̀la. Bí ẹ bá ti fi ìwé yẹn hàn wọ́n, wọ́n á mọ̀ pé positive yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n á sì wo orúnkún náà fúnra rẹ̀.

Kí ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n má fi IgM ṣe ẹ̀rí fún un. Lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́ àìsàn, a kì í kà á sí mọ́, òun náà sì lè pẹ́ lára bíi ti IgG.